Ìràwọ̀ Márùn-ún fún Áyọ́ọ̀nù

Ọwọ́-Ẹ̀rọ fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e mú abẹ́rẹ́ lórí tábìlì, ó gbé e sókè, abẹ́rẹ́ bọ́. Kò mọ̀ pé ó ti bọ́. Ìka méjèèjì ṣì fara mọ́ra, wọ́n ń lọ síbi ìṣẹ́tí aṣọ bí ẹni pé nǹkan wà láàárín wọn. Ìgbà tí wọ́n kan aṣọ tí nǹkan kan ò wọlé ló tó wo ilẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ṣa abẹ́rẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí i láti ìdí máṣìnnì. Ó tẹ ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dàlì kí ariwo lè gba yàrá.

Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù wọn, lẹ́yìn ilé alájà kan, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri. Ẹni tó ń kọjá ní títì ò lè mọ̀ pé aránṣọ wà níbẹ̀. Orí fóònù ni oníbàárà ti ń rí wọn. Wọ́n ní ojú ìwé kan níbẹ̀ tí àwọn tí wọ́n ti ránṣọ fún ń kọ ọ̀rọ̀ sí, tí wọ́n sì ń fún iṣẹ́ wọn ní ìràwọ̀, márùn-ún bó bá dára, ẹyọ kan bó bá burú. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló ń mú oníbàárà tuntun wọlé. Ẹ̀gbọ́n ló ń gé, òun náà ló ń rán. Àbúrò ló ń fọwọ́ parí rẹ̀: ihò bọ́tìnnì, ìṣẹ́tí, etí ọrùn. Ibẹ̀ ni orúkọ tí wọ́n ń pè é ti wá. Ìránṣọ ọwọ́ rẹ̀ dọ́gba débi pé oníbàárà kan yarí pé ẹ̀rọ ló ṣe é, ó ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ọ̀hún jáde kóun rí i.

Orí fóònù náà ni wọ́n ti ra áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ tó sọ ìka rẹ̀ dà bẹ́ẹ̀. Ó fúyẹ́, ó ń tètè gbóná, ibi ìdìmú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Bíi gbogbo aránṣọ, Ọwọ́-Ẹ̀rọ máa ń ti ìka bọ omi nínú abọ́, á wọ́n ọn sójú aṣọ, á sì gbé áyọ́ọ̀nù lé e kí omi tó gbẹ. Kì í nu ọwọ́ láàárín méjèèjì. Ọ̀gá tó kọ́ òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níṣẹ́ kì í nu ọwọ́. Bó ṣe dì í mú lọ́jọ́ kan, iná gbé e. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn fẹ́ sín tí kò sín mọ́. Ó yíjú, ó rí àbúrò rẹ̀ tó dúró gan-an, tí ojú rẹ̀ là sílẹ̀, tí kò sì rí i. Ó fi rúlà onígi gbá wáyà kúrò lára ògiri.

Nọ́ọ̀sì ní egbò ibi tí iná ti jó ọwọ́ náà á jinná. Ní ti ìka tí kò mọ nǹkan lára mọ́, ó ní kí wọ́n máa wò ó ná.

Ẹ̀gbọ́n fún áyọ́ọ̀nù ní ìràwọ̀ kan lójú ìwé ilé ìtajà tí wọ́n ti rà á. Ohun tó kọ sí i kò gùn: "Iná inú áyọ́ọ̀nù yìí ń wá síbi ìdìmú. Ó gbé àbúrò mi. Ẹ má rà á."

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí fóònù fi dún. Ohùn ọmọbìnrin kan ni, ohùn tó dùn.

"Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ìtajà tí ẹ ti ra áyọ́ọ̀nù ló ń pè yín. Ìràwọ̀ kan la rí. Kí la fi ṣẹ̀ yín?"

"Ẹ ò fi nǹkan kan ṣẹ̀ mí. Áyọ́ọ̀nù yín ló gbé àbúrò mi."

"Áà, pẹ̀lẹ́ o, mọ́mì. A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́. Ọwọ́ wọn gbẹ ni, àbí ó tutù?"

"Aránṣọ ni wá."

"Mo mọ̀, mà. Ọwọ́ wọn gbẹ ni, àbí ó tutù?"

Ẹ̀gbọ́n wo abọ́ omi tó wà lórí tábìlì.

"Ẹ ẹ̀ rí nǹkan. Ẹ bá wa sọ ọ́ di márùn-ún. A ó fi òmíràn ránṣẹ́ sí yín, tuntun."

"Irú ẹ̀ náà?"

"Irú ẹ̀ gan-an, mà."

Ọwọ́-Ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ láti orí àpótí tó jókòó sí. "Sọ fún un pé kó máa gbé e bọ̀," ló wí. "Ó ṣì ku ọwọ́ òsì."

Ọmọbìnrin náà pè lọ́jọ́ kejì, ó sì pè lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Nígbà mìíràn á máa bẹ̀bẹ̀: ọ̀gá òun ti ní bí ìràwọ̀ yẹn ò bá kúrò, kóun má padà wá síbi iṣẹ́. Nígbà mìíràn kò ní dárúkọ áyọ́ọ̀nù rárá, á kàn béèrè bí ọwọ́ ṣe ń ṣe sí. Ẹ̀gbọ́n ò mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. Lọ́jọ́ kan, ohùn náà ní:

"Ẹ̀yin náà ní ojú ìwé tiyín, àbí, mọ́mì? Mo wò ó. Iṣẹ́ yín dáa. Ẹnikẹ́ni ò tíì fún yín ní ìràwọ̀ kan rí."

"Kí lo ní lọ́kàn tí o fi sọ bẹ́ẹ̀?"

"Mò ń yìn yín ni, mà."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn tí wọn ò rí rí ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sójú ìwé wọn, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. "Ó ta aṣọ mi." "Ẹnu rẹ̀ ò dáa." Ẹnì kan fi àwòrán kóòtù tó ya sí i.

"Kóòtù," ni Ọwọ́-Ẹ̀rọ wí. "Àwa tí a ò rán kóòtù rí. Ó tiẹ̀ yẹ ká lọ kọ́ ọ wàyí, nígbà tí a ti bà á jẹ́ tán."

Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ ilé ìwé wà níwájú rẹ̀ lórí tábìlì ìgéṣọ, aṣọ àwọn ọmọbìnrin, aláwọ̀ búlúù, ó ti gé e tán. Iṣẹ́ yìí ló máa ń gbé wọn la ọdún já. Láìsí i, wọn ò ní lè dúró nínú yàrá náà. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ilé ìwé pè.

"Ẹ má bínú, aránṣọ. Àwọn òbí ń fi nǹkan hàn mí lórí fóònù. Ẹ dáwọ́ dúró lórí aṣọ yẹn ná."

"Mà, irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ wa."

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣáà dáwọ́ dúró ná."

Nígbà tí ọmọbìnrin orí fóònù tún pè, ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó kí òun tán.

"Kí lẹ fẹ́ kí n kọ?"

Bí ọmọbìnrin náà ṣe ń ka ọ̀rọ̀ fún un ló ń kọ ọ́. "Aránṣọ ni mí. Ojoojúmọ́ ni mò ń lo áyọ́ọ̀nù yìí. Ó dára púpọ̀. Ọkàn mi balẹ̀ bí mo bá ń lò ó." Ìràwọ̀ márùn-ún. Ọmọbìnrin náà ní kó fi orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí i, àwọn èèyàn á lè tibẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ó fi í sí i.

"Ẹ ṣé, mọ́mì. Ẹ bá mi kí àǹtí ọlọ́wọ́."

Àwọn ọ̀rọ̀ burúkú náà kúrò lójú ìwé wọn bí aláǹgbá ṣe ń kúrò lára ògiri. O ò ní rí ìgbà tó lọ, wàá kàn rí i pé ògiri ti ṣófo. Ilé ìwé ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ lọ.

Ọwọ́-Ẹ̀rọ rí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ. Kò bú u. Ó kà á síta lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń ka ìwọ̀n aṣọ fún ẹni tó fẹ́ gé e.

"Bí wọ́n bá bi mí pé kí ló ṣe ìka mi, kí ni kí n sọ?"

"Ta ló máa bi ọ́?"

"Mi ò mọ̀. Èèyàn."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń ki òwú bọ máṣìnnì. Òwú náà wọlé, ó fà á yọ, ó tún un kì bọ̀ ọ́. Àbúrò fi ọwọ́ òsì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ etí aṣọ búlúù. Ìránṣọ náà wọ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó parí ọ̀kan, ó ká a, ó fi ojú tó rán sí inú.

Kò sí áyọ́ọ̀nù ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Nígbà tí aṣọ ilé ìwé pé, ẹ̀gbọ́n dì í, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ tó wà ní òpin títì kó bá wọn lọ̀ ọ́. Obìnrin náà wà lórí ìjókòó rẹ̀ nídìí ọpọ́n, ọṣẹ dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fi ẹ̀rín pàdé rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí ẹ ní áyọ́ọ̀nù tó dára jù láyé, èmi lẹ wá gbé aṣọ wá bá?"

"Kí lẹ wí?"

"Mo ka ohun tí ẹ kọ. Mo ní bí aránṣọ wa bá ti lè yìn ín, ó parí. Ẹ wò ó."

Irú áyọ́ọ̀nù náà wà lórí tábìlì lẹ́yìn rẹ̀, tòun ti ìdìmú aláwọ̀ ewé.

"Ẹ ti lò ó?"

"Àárọ̀ yìí ló dé. Tiyín ni n ó fi ṣí i." Ó dìde, ó gbọn ọwọ́, omi ta sílẹ̀.

"Ẹ nu ọwọ́ yín."

"Ìgbà wo lọwọ́ alágbàfọ̀ gbẹ rí? Ọjọ́ tí wọ́n bá tẹ́ òkú mi nìyẹn."

"Ẹ má tì í bọ iná."

"Kí ló dé?"

"Irú ẹ̀ ló gbé àbúrò mi."

Ẹ̀rín náà pẹ́ díẹ̀ kó tó kúrò lójú alágbàfọ̀. Ó wo áyọ́ọ̀nù, ó wo aránṣọ.

"Orúkọ ṣọ́ọ̀bù yín ni mo rí níbẹ̀. Àbí ẹlòmíràn ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Kó tó gbé wọn ni?"

"Lẹ́yìn tó gbé e."

Alágbàfọ̀ fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́, ìka kọ̀ọ̀kan, kò yára. "Ọmọ mi ló máa ń bá mi lọṣọ bí ọ̀sán bá pọ́n," ló wí. Ó sì tún ní, "Pa á rẹ́. Níbí, kí n rí i."

Ẹ̀gbọ́n mú fóònù jáde, ó ṣí i. Ìràwọ̀ márùn-ún náà wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀, ẹnì kan ti kọ ọ́ pé, "Ẹ ṣé, aránṣọ, èmi náà ti rà á." Ẹlòmíràn béèrè bóyá ó dára fún ìyá àgbà tó ń dá gbé.

"Wọ́n á tún dà bò wá," ló wí. "Aṣọ yìí ò tíì dé ilé ìwé."

"Mi ò bi ọ́ nípa aṣọ."

Ẹ̀gbọ́n mú fóònù náà dání, kò tẹ nǹkan kan. Alágbàfọ̀ dúró. Omi ń kán láti orí okùn aṣọ sínú ike kan tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ti fóònù bọ àpò. Ó gbé ìdì aṣọ náà lé èjìká láì tíì lọ̀ ọ́, ó tẹ orí ba gba abẹ́ aṣọ tútù kọjá, ó sì gba títì lọ.