Ẹ̀gbẹ́ Òsì Orí Báábà Má-Mira

Ẹni tó bá ti jókòó sórí àga báábà yẹn rí ló mọ ìdí tí wọ́n fi ń pè é ní Má-Mira. Kò tíì ki ẹ̀rọ bọ iná tí á ti pariwo pé "Má mira!" Àgbà ni o, ọmọdé ni o, ohùn kan náà ni. Ó gbà pé orí òun ni pátákó ṣọ́ọ̀bù òun, torí ta ló fẹ́ gbé orí fún báábà tí orí tirẹ̀ rí wúruwùru? Nítorí náà ni ìlà ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ fi máa ń gún bí ẹni fi rúlà fà á. Ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan ní òpópónà kejì ló ń bá a ṣe é. Bí ọ̀bẹ ti wù kó mú tó, kì í gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

Ohun tí báábà yìí ò rí ojútùú sí ni ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀. Màmá ṣubú ní bálùwẹ̀, ẹsẹ̀ kọ̀, kò sì sẹ́ni tó ń wà nílé lọ́sàn-án, ni wọ́n bá gbé wọn lọ sílé ìtọ́jú àwọn àgbà. Láti ìgbà náà ni Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú fèrèsé ni wọ́n ń wò ṣáá. Ó dun Má-Mira wọ akínyẹmí ara, ó sì pinnu pé òun á máa kó àwọn ọmọ òun méjèèjì lọ síbẹ̀ ní Sátidé, kí ara Màmá lè yá.

Ẹ wá wo ọlọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kìíní, ó ra bàlúùnù, ó fẹ́ ẹ títí ojú rẹ̀ fi pọ́n. Ọ̀kan bẹ́ gbàù! Bàbá arúgbó kan tó ń tòògbé, tí wọ́n ní kò lè dá dìde mọ́, fò sókè lórí àga. Nọ́ọ̀sì ní kó jọ̀ọ́, kó má gbé irú ẹ̀ wá mọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ìtọ́tè ìyàwó rẹ̀ kun imú, ó ń jó, ó ń takìtì, ni ṣòkòtò bá ya fàà nídìí. Màmá yíjú sí ògiri. Ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré bú sẹ́kún pé òun fẹ́ lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin dúró títí wọ́n fi wọ mọ́tò kó tó sọ tirẹ̀.

"Dádì, mi ò lọ mọ́. Ìyá àgbà ò tiẹ̀ wò wá. Ẹ̀yin nìkan lẹ̀ ń dá ṣeré níbẹ̀."

Má-Mira fẹ́ bínú, àmọ́ kí ló fẹ́ sọ pẹ̀lú imú pupa? Ó mọ̀ pé bí àwọn ọmọ yìí ò bá wá mọ́, ìyá òun ti di ẹni àná lójú wọn nìyẹn, nígbà tí Màmá ṣì wà láàyè. "Ẹ jẹ́ ká lọ lẹ́ẹ̀kan sí i péré," ló bẹ̀ wọ́n. "Tí kò bá dáa, mi ò ní fi dandan mú yín mọ́."

Lọ́jọ́ kẹta náà, oníbàárà pọ̀ débi pé kò ráyè ro ọgbọ́n kankan. Báàgì iṣẹ́ ló gbé wá tààrà láti ṣọ́ọ̀bù. Ó ní kí òun tiẹ̀ tún irun Màmá ṣe, ó bá mú kóòmù àti àlùmọ́gàjí jáde.

Màmá mi orí. "Rárá."

A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí rèé, ó ní òun ò ṣe. Má-Mira bẹ̀rẹ̀ láti dá kóòmù padà sínú báàgì. Ọmọbìnrin rẹ̀ ti ń wo ilẹ̀kùn.

Ìgbà náà ni Màmá tẹjú mọ́ orí Má-Mira. "Ta ló gẹ eléyìí fún ẹ?"

"Ẹlẹgbẹ́ mi ni, Màámi."

"Ó wọ́."

"Háà, Màámi! Báábà ni mí o, kò wọ́!"

"Mo ní ó wọ́. Jókòó síbí."

Ilẹ̀ tó wà láàárín ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n ń nawọ́ sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí ní kékeré, torí Màmá fúnra wọn ló ń gẹrun fún gbogbo ọmọ wọn ní ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n gba àlùmọ́gàjí. Má-Mira wo ọwọ́ yẹn, ó ń gbọ̀n. Ó rántí orí rẹ̀. Ó rántí ọkọ ìyàwó kan tó ń bọ̀ wá gẹrun lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó jókòó.

"Má mira!" ni Màmá wí.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Ta ló ń pàṣẹ fún Dádì pé kó má mira? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Màmá gbójú sókè, wọ́n sì wo àwọn ọmọ náà dáadáa. "Ìwọ, gba kóòmù, máa fi gbé irun sókè fún mi. Ìwọ kékeré, di etí ẹ̀ mú, kí n má lọ gé e."

"Ìyá àgbà, ṣé Dádì máa ń sunkún tẹ́ ẹ bá ń gẹrun fún wọn?" ni ọmọbìnrin bèèrè.

"Ẹkún kẹ̀? Aládùúgbò á sáré wá bi mí bóyá mo fẹ́ pa ọmọ ni!"

Ọmọ kékeré rẹ́rìn-ín títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa etí bàbá rẹ̀ ya. Má-Mira ń gbọ́ àlùmọ́gàjí níbi tí kò yẹ kó dé. Àánú orí rẹ̀ ń ṣe é, inú rẹ̀ sì ń dùn gan-an. Nọ́ọ̀sì yọjú, ó lọ pe ẹnìkejì rẹ̀ wá wòran. Bàbá bàlúùnù náà tún dìde.

Nígbà tó yá, ọwọ́ Màmá rọ̀. "Ó rẹ̀ mí. Ọ̀tún ti tán, ó ku òsì. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ta ló máa mú kóòmù?"

"Èmi ni, Ìyá àgbà!" Ẹni tí ò ní wá mọ́ nìyẹn o.

Màmá kọjú sí Má-Mira. "Kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn. Iṣẹ́ mi ni."

Nílé, ìyàwó rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, ó kígbe pé, "Ta lẹ bá jà?" Má-Mira wo dígí. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dà bí ibi tí ewúrẹ́ ti jẹko kúrò. Ó mú ẹ̀rọ, ó fẹ́ fá gbogbo rẹ̀ kodoro. Ó tún wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó sì gbé ẹ̀rọ padà sínú báàgì.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ọkọ ìyàwó dé ẹnu ọ̀nà, ó rí orí, ó ní òun gbàgbé nǹkan sílé. Má-Mira fúnra rẹ̀ ló ń fi sọ̀rọ̀ pé títí dòní, ọ̀gbẹ́ni náà ò tíì rí nǹkan ọ̀hún. Oníbàárà rẹ̀ àtijọ́ kan ló wọlé tẹ̀ lé e, ó dúró, ó yí i po.

"Ọ̀gá, ta ló ṣe yín báyìí?"

"Màámi ni."

"Kí ló wá dé tẹ́ ò fá a kúrò?"

Má-Mira nawọ́ sí àga fún un. "Wọn ò tíì ṣe tán."