Èènì Lórí Òjò

Ọ̀gbẹ́ni kan láti yunifásítì ló pín ike ìwọn òjò fún àwa tá a yọ̀ǹda ara wa, láti Alápẹ̀rẹ̀ títí dé Àgbòyí. Láàárọ̀ tí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, a ó wo ibi tí omi dé nínú ike, a ó sì fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú gúrúùpù Wasaàpù wa. Èmi ni mo fa màmá mi wọ inú rẹ̀. Tòmátì ni wọ́n ń tà ní Mile 12, àmọ́ iṣẹ́ òjò yìí dùn mọ́ wọn débi pé wọ́n ń pe ara wọn ní Alhaja Olójò.

Kò pẹ́ tí ọ̀gbẹ́ni náà fi pè mí.

"Aunty, ẹ má bínú o. Òjò Mummy máa ń pọ̀ ju ti gbogbo àdúgbò lọ. Ó jọ pé wọ́n kàn ń guess ni. Mo fẹ́ yọ wọ́n kúrò."

Inú bí mi. Màmá mi kọ́? Mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ wò ó. Àmọ́ bí mo ṣe ń lọ sílé wọn ní Kétu, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ fún Alhaja Olójò pé òjò ti kúrò lọ́wọ́ wọn.

Màmá mi fi awò sójú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ ike náà. Èmi náà wò ó: ogún géérégé. Ni wọ́n bá tẹ méjìlélógún sórí fóònù.

"Mummy, ogún mà ni o!"

"Mo rí i."

"Eéjì yẹn wá ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé. "Èènì ni. Ṣé kí n wọn nǹkan fún èèyàn láìfi èènì sí i, kó máa pè mí ní ahun?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀. Mo pe ọ̀gbẹ́ni náà, mo gbé fóònù fún wọn. Ó bi wọ́n bóyá èènì náà máa ń yí padà. Wọ́n ní rárá o, òjò ńlá, òjò kékeré, eéjì ni. Àwọn kì í ṣe ojúsàájú. Ó mí kanlẹ̀, ó ní òun á yọ eéjì kúrò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á sì wúlò. Ó wá bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fi èènì sí i mọ́.

Ó dùn wọ́n gan-an. Wọn ò rí oníbàárà tó dá èènì padà rí.

Nígbà tí òjò mìíràn rọ̀, nọ́ńbà wọn wọlé, ó sì bá tiwa mu. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ wọlé, àdúrà gígùn fún ọ̀gbẹ́ni náà, fún ìyàwó tí kò tíì fẹ́ àti àwọn ọmọ tí kò tíì bí.

"Má kà á mọ́ òjò o," ni wọ́n fi parí rẹ̀. "Èènì ni."