Obìnrin Tó Dáhùn Ìpè Kẹta ní Kóòtù

Ẹni tó bá fẹ́ kó pè mí ní onírọ́. Mo ti dàgbà kọjá ẹni tí ń parọ́ mọ́ òkú. Ojú mi yìí ló rí i, ọ̀sán gangan ni, ní Àkúrẹ́, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀.

Mẹ́sẹ́ńjà ni mí nígbà náà ní kóòtù ìbílẹ̀ kan. Èmi ni mo máa ń jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti pe àwọn tó lẹ́jọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta là ń pe èèyàn. Bí kò bá dáhùn, ó ti jẹ̀bi nìyẹn.

Ṣé ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe obìnrin tó bá wá kọ ọkọ nígbà náà? Ọkọ á jókòó sórí bẹ́ńṣì, ìyàwó á wà lórí ìkúnlẹ̀. Fúnkẹ́, ọmọ ìlú Oǹdó kan tó wá kọ ọkọ lọ́dọ̀ wa, ọkọ lù ú títí eyín rẹ̀ fi yọ. Ohun tí alága kóòtù bi í ni pé, "Kí lo ṣe fún un?" Wọ́n gba ọmọ lẹ́nu ọmú rẹ̀, wọ́n gbé e fún ìyá ọkọ títí di ọjọ́ ìdájọ́. Wọ́n ní bí kò bá wá lọ́jọ́ náà, ọmọ ti di ti bàbá pátápátá. Ó dùn mí wọra. Àmọ́, ta ni mẹ́sẹ́ńjà?

Lọ́jọ́ ìdájọ́, ọmọ náà ń ké lọ́wọ́ ìyá ọkọ. Kò gba omi, kò gba ẹ̀kọ. Ọkọ ń mi ẹsẹ̀ lórí bẹ́ńṣì.

"Ulé mi lọmọ mi á gbé, ilé bàbá rẹ̀," ló ń wí.

Alága ní kí n pe Fúnkẹ́. Mo jáde, mo pè é. Kò sẹ́ni. Mo tún pè é. Àgbàlá dá páropáro, oòrùn mú. Mo pè é lẹ́ẹ̀kẹta.

"Mo ti dé, sà."

Ẹ̀yìn mi gan-an ni. Mo yíjú, Fúnkẹ́ ni. Iwájú bùbá rẹ̀ tutù rinrin, ó ń kán sórí sìmẹ́ńtì.

"Ẹ bá mi sọ fún wọn pé mo dé o," ló rọra wí. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba ọmọ mi."

Ó kọjá lára mi, ó wọlé lọ kúnlẹ̀ síbi tí wọ́n máa ń kúnlẹ̀ sí. Bó ti kúnlẹ̀ ni ọmọ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹnu rẹ̀ ń lọ bí ẹnu ọmọ tó ń mu ọmú.

"Ó ti dé, sà," ni mo wí.

"Níbo?" Alága wo ilẹ̀. "Ṣé o ti mutí ni?"

Ẹ gbà mí gbọ́, èmi nìkan ni mò ń rí i. Ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Mo tún un sọ pé ó ti dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi ọmọ fún bàbá. Kí n tún wo ibẹ̀, kò sí mọ́. Omi díẹ̀ ló kù nílẹ̀. Mo fọwọ́ kàn án: omi ọmú ni, ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Bí a ti ń dìde ni ẹ̀gbọ́n Fúnkẹ́ ọkùnrin wọlé, fìlà lọ́wọ́. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà. Mọ́tò tí àbúrò mi wọ̀ láàárọ̀ láti Oǹdó dojú dé lọ́nà. A ò gbé e dé ọsibítù kó tó kú."

Alága bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ìdájọ́ ò yí padà o. Wọ́n ní òkú kì í tọ́mọ.

Mo ti fẹ̀yìn tì sí Ìgbàrà-Òkè báyìí. Lọ́sàn-án ọjọ́ mìíràn, bí oòrùn bá mú tí àgbàlá dá, màá gbọ́ ọ lẹ́yìn mi: "Mo ti dé, sà." N ò sì pe ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dájọ́ ìyá àti ọmọ, ẹ rọra. Kí ẹ tó gba ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ kọ́kọ́ wo ibi ìkúnlẹ̀ yẹn dáadáa.