Ọ̀ọ̀lẹ̀ Tí N Kò Jẹ

Mo rántí ìgbà tí òórùn ewé tútù tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀ọ̀lẹ̀ lè mú mi sọ̀kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ láàárín títì. Ewé náà kì í hù ní Kánò. Ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e wá láti ilẹ̀ wa, wọ́n á fi àpò tí omi rin gbingbin wé e kí oòrùn má baà pa á kó tó dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé nígbà náà, wọ́n sì rán mi sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ta abọ́ àti ìkòkò ní Ọjà Sabon Gari. Bàbá Kánò ni gbogbo wa ń pè é nílé. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ akọ̀wé kékeré sí ọ́fíìsì kan ní àdúgbò Nassarawa, níbi tí igi ti pọ̀ ju ènìyàn lọ, tí ebi sì lè pa ènìyàn lọ́sàn-án gangan láìrí ẹni tó ń ta gúgúrú.

Nítorí náà, bí mo bá ti jáde níbi iṣẹ́, n kì í lọ sílé tààrà. Mo ń fi kẹ̀kẹ́ kọ́ Sabon Gari bí ọmọdé ṣe ń kọ́ a-b-d. Ọkùnrin Haúsá kan wà nítòsí ọjà tó ń ta tíì. Yóò gbé ife kan sókè bí ẹni tó fẹ́ fi han ọ̀run, yóò sì máa dà á sínú èkejì nísàlẹ̀ títí tíì náà yóò fi ho bí ọṣẹ, ẹ̀kán kan kò sì ní kán sílẹ̀. Obìnrin kan ń dín wáínà, àkàrà ìrẹsì funfun roboto, nínú àwo amọ̀ olójú kòtò-kòtò. Ó kọ́ mi láti máa fi ata gígún jẹ ẹ́ dípò ṣúgà. Ọkùnrin Ìgbò kan ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù. N kò ní ẹ̀rọ tí mo lè fi gbọ́ ọ, ó sì mọ̀, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí ojú kan yóò fi parí, á tún yí ojú kejì fún mi. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, mo ti ń júwe ìlú fún àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tèmi kò ju ti ọ̀nà ọ̀fun lọ.

Nínú gbogbo ibi tí mo ṣàwárí, abẹ́ igi dóńgóyárò kan ni mo fẹ́ràn jù. Ìyá kan láti ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ló ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀ọ̀lẹ̀ níbẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo sì wà nílé ìwé àwọn olùkọ́ ní ìlú Haúsá mìíràn. Inú agolo mílíìkì ni àwọn yòókù ń se ọ̀ọ̀lẹ̀ tiwọn sí, torí ewé ṣòro rí. Òun kọ̀. Ó ní ẹni tó bá se ọ̀ọ̀lẹ̀ nínú agolo, agolo ló sè. Bó bá tú ewé náà níwájú mi, tí ooru rẹ̀ bá kọ lu ojú mi, ilé ni mo dé yẹn, inú ilé ìdáná ìyá mi gan-an. Kò mọ orúkọ mi. "Ọmọ Bàbá Aláwo" ló ń pè mí, torí abọ́ tí Bàbá Kánò ń tà. Bí mo bá kí i, á ní, "Sannu, sannu, ọmọ Bàbá Aláwo, jókòó, ìsàlẹ̀ ìkòkò ni mo fi tìẹ sí." Bí n kò bá wá fún ọjọ́ méjì, á béèrè ohun tó dá mi dúró.

Bàbá Kánò jẹ́ díákónì. Ọtí kò gbọ́dọ̀ wọ ilé rẹ̀, ẹni tó bá mu ún kò sì gbọ́dọ̀ wọlé tẹ̀lé e. Mo wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, wọ́n sì ti ń sọ ọ́ pé èmi ni wọ́n fẹ́ fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́. Inú Bàbá dùn tó bẹ́ẹ̀ tó fi kọ̀wé sílé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ń ṣàwárí kò mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ní ọ̀sán Sátidé kan, ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ọ́fíìsì sọ fún mi pé ibì kan ṣì wà tí n kò dé. Ó mú mi lọ sẹ́yìn àwọn ilé kan níbi tí wọ́n ti ń fi igbá mu bùrùkútù, ọtí ọkà bàbà tó nípọn bí ògì. Mo mu igbá kan, ó kan. Mo mu èkejì, ó dùn. Mo sì jẹ ẹran kan níbẹ̀ tí oòrùn ti rí ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jẹ ewé míńtì kí òórùn ọtí má baà hàn, mo wọlé, mo kí gbogbo ilé, mo lọ sùn.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, láàárín orin kejì, nínú aṣọ akọrin funfun, mo fi ọwọ́ bo ẹnu, mo sáré jáde. N kò dé ìta tán kí n tó bì. Àwọn ìyá ìjọ sáré tọ̀ mí wá, ìyàwó Bàbá Kánò tí mo ń pè ní Màmá ló ṣíwájú wọn. Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀rù àrùn onígbáméjì ń ba gbogbo ìlú, nítorí náà nígbà tí Bàbá dé, ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni:

"Kí lo jẹ? Níbo lo ti jẹ ẹ́?"

Mo wo ojú rẹ̀. Mo rí lẹ́tà tó kọ sílé. Mo rí àwọn obìnrin mẹ́fà tó dúró yí mi ká. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èmi kò kú, n kò sì gba ẹ̀sín tèmi. Mo gbé e fún ẹlòmíràn.

"Ọ̀ọ̀lẹ̀ ni," mo ní. "Ọ̀ọ̀lẹ̀ ìyá abẹ́ dóńgóyárò."

Títí di òní n kò mọ ìdí tó fi jẹ́ òun. Bóyá torí pé orúkọ rẹ̀ ló sún mọ́ ahọ́n mi jù. N kò tilẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà wò. Mo kàn rò pé wọ́n á ní "pẹ̀lẹ́", wọ́n á sì gbé mi lọ sílé. Wọ́n ní "pẹ̀lẹ́" lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ kì í ṣeé kó. Kí oòrùn ọjọ́ Ajé tó wọ̀, kò sí ilé Yorùbá kan ní àdúgbò wa tí wọn kò ti gbọ́ pé ọ̀ọ̀lẹ̀ ìyá náà fẹ́ pa ọmọ Bàbá Aláwo.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun fúnra rẹ̀ wá kí mi. Ó gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá nínú fúláàsì, ó fi aṣọ funfun bo ọmọrí rẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ń wò mí.

"Ọmọ mi, sannu. Ṣé ara ti ń le?"

Mo kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń sùn. Ó dúró fún ìgbà díẹ̀. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀, torí ó ti rìn wá nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó dáa. Kó máa sinmi." Màmá fi ọwọ́ méjèèjì gba fúláàsì, ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó dúpẹ́. Bí ìyá náà ti yí kọ́nà, Màmá jáde, ó sì da gbogbo ẹ̀kọ náà sí gọ́tà. Láti ojú fèrèsé ni mo ti rí i. Ẹ̀kọ náà funfun, ó jọ̀lọ̀, ó ń ṣe èéfín nínú gọ́tà. Ẹnu mi ṣí. Gbólóhùn kan péré ló kù. N kò sọ ọ́.

Ara mi yá ní ọjọ́ kẹta. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, àwọn wolé-wolé yọ sí ìyá náà. Wọ́n yẹ ìkòkò rẹ̀ wò, wọ́n yẹ omi rẹ̀ wò, wọn kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló ń dúró gbọ́ pé wọn kò rí nǹkan kan? Pé wọ́n wá ti tó. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ní àsìkò tí ó yẹ kí ènìyàn máa du ìjókòó, mo rí i tí òun nìkan jókòó ti ìkòkò tó kún. Láti ọjọ́ náà mo ń gba ọ̀nà mìíràn. N kò tún yà sọ́dọ̀ alátíì, n kò tún dúró gbọ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, torí ọ̀nà ibẹ̀ gba abẹ́ igi náà kọjá. Kí ọdún náà tó parí, ẹlòmíràn ti ń tún táyà kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀. Wọ́n sì fi mí ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ọ̀dọ́.

Ọdún mẹ́jọ kọjá. Mo ti gbéyàwó, mo ti bímọ, Bàbá Kánò ti padà sílé lọ sinmi, Màmá nìkan ló kù ní ṣọ́ọ̀bù abọ́. Ní ọjọ́ kan mo lọ sí ìsọmọlórúkọ ẹlẹgbẹ́ mi kan ní àdúgbò Hotoro. Bí mo ti ń bọ̀, òórùn ewé náà gbá mi nímú. Mo dúró. Obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju tèmi lọ ló ń tú ọ̀ọ̀lẹ̀ fún àwọn oníbàárà, ó sì bi mí ní èdè Haúsá pé, "Na nawa?" èyíinì ni, ti èló? Kí n tó dáhùn, ìyá rẹ̀ yọ láti inú ilé. Irun rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀.

"Ọmọ Bàbá Aláwo," ó ní. "Sannu. Wọlé."

Inú yàrá ni mo ti dọ̀bálẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, igbá bùrùkútù, ẹran, ìdáhùn tí mo fún Bàbá. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ẹ mọ̀, mà?"

"Ọjọ́ Sátidé yẹn, o ò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọjọ́ Jímọ̀ náà, o ò dé. Mo fi tìẹ pa mọ́ títí ó fi tutù. Ẹni tí kò wá, ọ̀ọ̀lẹ̀ wo ló jẹ?"

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Ta ni yóò gba alásè gbọ́, tí aláìsàn bá ti sọ̀rọ̀? Ọjọ́ tí mo gbé ẹ̀kọ wá, mo ti gbọ́ ohun tí o sọ. Mo ní kí n wá wo ojú rẹ. Mo ní bí ọmọ yìí bá rí mi, yóò sọ ọ́. Mo dúró dè ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn mo tún dúró dè ọ́ fún oṣù mẹ́rin lábẹ́ igi."

N kò lè gbé orí sókè. Ó ní ọdún yẹn ni ọmọ òun fi ilé ìwé sílẹ̀, torí kò sí ohun tí òun fẹ́ fi rán an padà. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń bú mi. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀. Nígbà tí mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó dá mi dúró.

"Èmi ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn tí kò mọ̀ ni kí o lọ sọ fún."

Mo lọ bá Màmá ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì. Àwo tó ń nù lọ́wọ́ kò bọ́, ṣùgbọ́n ó dẹ́kun nínù ún. "O wà lójú fèrèsé," ó ní, "o jẹ́ kí n da oúnjẹ ènìyàn sí gọ́tà." N kò gbọ́ kó pariwo rí bí ó ṣe pariwo lọ́jọ́ náà, níwájú àwọn oníbàárà àti gbogbo àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, ó gbọ̀nà Hotoro. Nígbà tó padà dé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Ó fún mi ní ìjókòó. Ó bu omi fún mi. N kò lè mu ún." Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ó dìde nínú ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, ó rò ó fún wọn bó ṣe rí, pẹ̀lú orúkọ mi. Díẹ̀ nínú wọn lọ sí Hotoro lọ tọrọ àforíjì. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ ti pẹ́ jù. Àwọn kan kò kí mi mọ́ títí mo fi kúrò ní Kánò, n kò sì dá wọn lẹ́bi.

Ó gbà mí ní oṣù kan kí n tó lè padà lọ sí Hotoro. Ìyá kò sí nílé, ọmọ rẹ̀ ló wà nídìí ìkòkò, àwọn oníbàárà sì yí i ká. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó ti gbọ́. Mo ní kó di mẹ́ta fún mi, mo fẹ́ máa lọ. Títí di ọjọ́ náà, Haúsá nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wá Yorùbá, ó rọra sọ ọ́ bí ẹni tó ń gun òkè:

"Rárá o. Ẹ jókòó. Ẹ jẹ ẹ́ níbí, kí àwọn ènìyàn rí yín."

Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì láàárín wọn. Ó tú ewé níwájú mi, ó sì dúró tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Ó dùn. Ìbá sàn fún mi ká ní kò dùn.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti padà sílé, àwọn ọmọ mi sì fẹ́ràn kí n máa sọ̀tàn Kánò fún wọn, ti tíì tó ń ho àti wáínà aláta. Wọ́n rò pé ìgbà èwe mi dùn. Ó dùn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìyá kan wà tó fi oúnjẹ tèmi sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kó má baà tutù, ọ̀rọ̀ kan péré ló sì fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi ní ẹnu ọ̀nà yẹn. Kò le láti sọ. Mo mọ̀ báyìí pé kò le rárá.