Ijó tí Mo Jó Lọ́jọ́ Ìdúpẹ́ Àkọ́bí Mi

Mo rántí ìgbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kotto, nílùú Douala, sọ mí di oníjó, èmi tí mi ò kọ́ ijó níbì kankan. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí mi ni. Ìyá ọkọ mi wá láti Ogbómọ̀ṣọ́ láti bá mi wẹ ọmọ, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń fi ọ̀já di ikùn mi pinpin kó lè padà sípò. Inú mi dùn sí i, torí àárò ṣòkòtò jíǹsì mi ń sọ mí. Ṣùgbọ́n ooru Douala ò jọ ti Ogbómọ̀ṣọ́. Òógùn kún abẹ́ ọ̀já, kò ríbi gbà jáde. Kò pẹ́ tí ara fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi láti abẹ́ ikùn títí dé àárín itan, awọ ibẹ̀ pọ́n, ó sì ń bó.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé ìbímọ ti ba ara mi jẹ́ nìyẹn, pé bí ìyá ọkọ mi bá gbọ́, wọ́n á ní ọ̀bùn ni ọmọ àwọn fẹ́. Bí ọkọ mi bá sún mọ́ mi, màá ní orí ń fọ́ mi. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi dákẹ́ o, tara mi ò dákẹ́. Pọ́dà ọmọ ni mo ń dà sí i bí ẹni ń bu iyọ̀ sẹ́ja.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, ìyá ọkọ mi fún ọ̀já náà le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ kí aṣọ lè bá mi mu. Bí orin ṣe bẹ̀rẹ̀ ni ìyún bẹ̀rẹ̀. Mo yí ìdí sọ́tùn-ún, mo yí i sósì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń fi itan kan gbo èkejì. Àwọn ìyá ìjọ pariwo, wọ́n yí mi ká. Akọrin kan kígbe pé, "Mama pikin, shake am!" Bí mo bá fẹ́ dúró, ìyún ò gbà.

Ni ìyá ọkọ mi bá jó wá bá mi, wọ́n fẹnu sí mi létí.

"Ìyàwó mi, ibo ló ń yún ọ?"

"Màmá, abẹ́ ni."

Wọ́n jó mi jáde, ẹnikẹ́ni ò fura. Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ti tú ọ̀já náà, wọ́n wo ara mi, wọn ò fajú ro rárá.

"Irú ijó tí mo jó nígbà tí mo bí ọkọ rẹ nìyí. Wọ́n ṣì ń yìn mí fún un nílé."

A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì wọ́n bá mi lọ sọ́dọ̀ agbẹ̀bí. Ó ní ooru àti òógùn ló fà á, pé ọ̀pọ̀ abiyamọ ló ń rí i. Ó fún mi ní ìpara, ó ní kí n máa nu ara gbẹ, kí n máa wọ kaba tó fẹ̀, kí n sì fi ọ̀já sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ara mi fi jinná.

Ọmọ mẹ́ta ni mo ní báyìí. Ohunkóhun tó bá ṣe mí lára, ìyá ọkọ mi ní Ogbómọ̀ṣọ́ ni mo kọ́kọ́ ń pè, mo sì ń dárúkọ ibi tó wà láìfi ohunkóhun bò ó. Ìgbà tí mo rò pé ìbímọ ti ba ara mi jẹ́, ìyá kejì ni ìbímọ náà ń fún mi.