Bọ́ọ̀tì Inú Ilẹ̀kùn

Ẹ̀bá ọjà Akẹ̀sán l'Ọ̀yọ́ ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ìṣó ni mò ń tà, àti kọ́kọ́rọ́, àgádágodo àti bọ́ọ̀tì. Iṣẹ́ náà ti sọ mí di ẹni tí kì í tètè gba èèyàn gbọ́. Ẹni tó bá wá ra àgádágodo, mo mọ̀ pé ẹrù ló fẹ́ tì mọ́lé kó tó jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wá ra bọ́ọ̀tì, irin tí wọ́n ń fà dábùú ilẹ̀kùn láti inú yàrá, ara rẹ̀ ló fẹ́ tì mọ́lé. Mo máa ń wo irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lójú dáadáa. Ọkọ mi a ní kí n yé fura sí gbogbo ayé. Èmi náà a ní ìfura loògùn àgbà, mo sì ti dàgbà.

Nítorí náà, nígbà tí ìyá mi pè mí láti Ògbómọ̀ṣọ́ pé òun ti gba àlejò sínú ilé bàbá wa, inú mi kò dùn rárá. Obìnrin kan ni, ará Kamẹrúùnù, pẹ̀lú àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Ogun ló lé wọn kúrò nílùú wọn. Ìjọ Aládùúrà tí ìyá mi ń lọ ti kọ́kọ́ kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn tí ogun lé, tọkùnrin tobìnrin, sínú gbọ̀ngàn ìjọ, aṣọ ni wọ́n ta sáàárín wọn. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ àwọn ọmọ ìjọ tó ní yàrá tó ṣófo pé kí wọ́n ṣàánú. Ìyá mi ti nawọ́ kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ tán.

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n rí ni?" ni mo bi í lórí fóònù.

"Bí mo bá mọ̀ wọ́n rí, ṣé àlejò la ó tún máa pè wọ́n?"

Yàrá ẹ̀yìn ló fún wọn. Àgbàdo ni bàbá mi ń kó síbẹ̀ nígbà ayé rẹ̀, ìta nìkan ni wọ́n sì ti ń tì í, nítorí àgbàdo kì í ti ara rẹ̀ mọ́lé. Mo fi àgádágodo tuntun ránṣẹ́ pé kí obìnrin náà máa fi tì í tó bá ń jáde. Lójú tèmi, mo ti ṣe é lálejò.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo lọ wò wọ́n fúnra mi. Mo bá obìnrin náà lágbàlá, òun àti ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó dúpẹ́ fún àgádágodo, ó wá fi pijin bẹ̀ mí pé bó bá ṣeé ṣe, kí n bá òun wá èyí tí wọ́n ń tì láti inú.

Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn wa, wà nítòsí, ó ń fọ ọ̀kadà rẹ̀. Ilé ló ń gbé látìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ n'Ìbàdàn. Ó gbórí sókè. "Láti inú kẹ̀? Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá mi lára mu. Nílé wa, kọ́tìnì la fi ń dí ẹnu ọ̀nà. Bí èèyàn bá tilẹ̀kùn yàrá lọ́sàn-án, wọn á bi í bóyá oògùn ló ń sè. Ìyá mi fi obìnrin náà lọ́kàn balẹ̀ pé kò sí olè nínú ilé yìí.

"Mama, kì í ṣe olè," ó ní, ó sì tẹjú mọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà.

Mo gbọ́ ọ, ó sì ṣe mí bákan. Ṣùgbọ́n èrò tó wá sí mi lọ́kàn ni pé obìnrin yìí ní ohun tó ń fi pamọ́. N kò fún un ní bọ́ọ̀tì.

Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, ìyá mi bi mí léèrè ọmọ mi obìnrin, tó máa ń wá lo ọlidé lọ́dọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní ó ti di ìyáàfin. Bí mo bá ti dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í run, tàbí kó ní òun ní ìdánwò. Èmi ti mọ̀ pé ọ̀rẹ́kùnrin ló wà ńdìí ọ̀rọ̀ náà. Mo ti tú fóònù rẹ̀ wò, n kò tíì rí i ni.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ odó bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi pè mí pé odó tí àwọn fi ń gúnyán kì í sùn sáyè rẹ̀ mọ́. Bílẹ̀ bá ṣú, kò ní sí ní kíṣínì. Bílẹ̀ bá mọ́, á ti padà síbẹ̀. Àbúrò mi ti ń sọ kiri àdúgbò pé àwọn àlejò náà ń fi gún nǹkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ìró ọmọrí odó. Ó ní kí wọ́n lé wọn kí wọ́n tó kó bá ilé. Ìyá mi bẹ̀rù Ọlọ́run, ó sì bẹ̀rù odó náà. Ó ní ó jọ pé òun máa ní kí ìjọ wá kó wọn padà sí gbọ̀ngàn.

Mo dé lọ́jọ́ Sátidé, mo sì ti pinnu lọ́kàn mi pé wọ́n á lọ ni. A jókòó lágbàlá, ìyá mi, èmi àti àbúrò mi. Obìnrin náà dúró níwájú wa, àwọn ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Níbo lodó mi ń sùn?" ìyá mi bi í.

Obìnrin náà kò tíì lanu tí àbúrò mi fi já ọ̀rọ̀ gbà. "Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ń gbé e sí! Tí wọ́n bá ti gbé e síbẹ̀, èèyàn á fọwọ́ tì í, tì í, kò ní mì. Kí ni wọ́n ń fi pamọ́?"

Mo kọjú sí àbúrò mi.

"Ta ló ń tì í?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, mo kàn fẹ́ mọ̀..."

"Bílẹ̀ bá mọ́, odó ti padà sí kíṣínì. Òru lo tì í nìyẹn. Kí lò ń wá lẹ́nu ọ̀nà obìnrin lóru?"

Mo wo obìnrin náà, kò wo àbúrò mi rárá, ṣùgbọ́n èyí àgbà nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ti sá sẹ́yìn rẹ̀ pátápátá. Inú bí mi. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Èmi tí mo ń ṣọ́ àlejò, ẹni tó yẹ kí n ṣọ́ ń fọ ọ̀kadà nínú ilé wa.

Ìyá mi wọlé, ó kó aṣọ àbúrò mi jáde, ó ní kó máa lọ sí oko wa n'Ìrẹsà. Mo ní àwọn ará Ìrẹsà náà bímọ obìnrin. Ó ń sunkún.

Mo lọ bá àgbà ìjọ lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ọ̀rọ̀ ilé, mo kọ̀. Mo ní kó lọ wo ilẹ̀kùn gbogbo yàrá tí wọ́n kó àlejò sí, bí kò bá fẹ́ kí n lọ wò wọ́n fúnra mi. Lọ́jọ́ kejì, mo kó bọ́ọ̀tì wá láti Ọ̀yọ́, èyí tó nípọn jù, mo sì fọwọ́ ara mi kan án mọ́ ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn. Obìnrin náà wọlé, ó fà á. A gbọ́ bí irin náà ṣe wọlé gbọn-in. Ó pẹ́ kó tó ṣí i, ọ̀sán sì ni, ṣùgbọ́n ìyá mi kò bi í pé kí ló ń ṣe.

Nígbà tí ọmọ mi ti ilé ìwé dé lọ́jọ́ Ajé, ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá mi to ọjà. Mo sọ fún un pé mo ti fi bọ́ọ̀tì sí yàrá ẹ̀yìn nílé ìyá àgbà. N kò sọ ìdí rẹ̀.

Kò wo ojú mi. Ó ń to ìṣó lọ.

"Mọ́mì, yàrá tí mo máa ń sùn ńkọ́?"

Oníbàárà kan ń bọ̀ lókèèrè. Mo fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án gangan, mo tì í láti inú, mo sì jókòó ti ọmọ mi.