Pẹ̀rẹ̀gún Láàárín Iṣu

Sàúdátù kì í ṣàdédé wọ inú ilẹ̀ rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò wò ó yíká, bí ẹni ń wo ojú onírọ́.

Télọ̀ ni. Ibafo ló ń gbé, nínú yàrá kan tó háyà. Ilẹ̀ náà wà ní Mowe, pulọ́ọ̀tì kan péré, òun nìkan ló sì kù tó lè pè ní tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ra ilẹ̀ kan ní Akute. Nígbà tí wọ́n padà débẹ̀, ilé ẹlòmíì ti ga dé ojú fèrèsé. Ẹjọ́ ilẹ̀ yẹn ni ọkùnrin náà ń bá wọn fà títí tó fi kú.

Kò tíì rówó kọ́ ti Mowe. Koríko bò ó, ejò sì ń gba ibẹ̀ wọ ilé àwọn aládùúgbò. Nùsírátù, tí ilé rẹ̀ fara ti ilẹ̀ náà, ló wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ jẹ́ ká máa fi dáko, mà. Àdúgbò á rí ẹ̀fọ́ jẹ, ejò á sì wábi gbà."

Sàúdátù já òwú lẹ́nu abẹ́rẹ́ kó tó fèsì.

"Ẹ̀fọ́, àgbàdo, iṣu. Ẹ má gbin igi. Ẹni tó bá gbin igi, ọmọ rẹ̀ á padà wá ká èso."

"Àwa náà gbọ́ Yorùbá, mà."

Wọ́n ṣán koríko, wọ́n kọ ebè. Nùsírátù gbin tẹ̀tẹ̀. Àdìó, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ilé kiri, gbin iṣu sí àárín. Wọ́n ń fi ẹ̀fọ́ ránṣẹ́ sí Sàúdátù. Ó ń gbà á, ó ń sè é, ó ń jẹ ẹ́. Bí ẹ̀fọ́ náà ti ń pọ̀ sí i ni ara túbọ̀ ń fu ú.

Lẹ́yìn òjò ńlá kan, ó lọ síbẹ̀ láìsọ fẹ́nì kan. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Láàárín ilẹ̀ náà, pẹ̀rẹ̀gún tò lọ gbọọrọ, gbogbo wọn ló ti rúwé.

Ààlà ni pẹ̀rẹ̀gún. Ẹni tó bá gbìn ín ń sọ pé: ibí ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀. Pẹ̀rẹ̀gún ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rí níwájú adájọ́ nígbà tí wọ́n ń gba ti Akute lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀.

Àdìó ń tu koríko nídìí iṣu. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ta ló ni apá ọ̀hún?" Sàúdátù bi í.

"Apá wo, mà?"

"Èyí tí ẹ fi pẹ̀rẹ̀gún yà sọ́tọ̀."

Nùsírátù ti yọjú lórí ògiri. "Bọ̀dá Àdìó, mo sọ fún yín. Mo ní ohun tí wọ́n máa sọ nìyí."

Wọ́n ti jíròrò rẹ̀ nìyẹn. Sàúdátù fi ìyẹn sínú.

"Ọ̀pá tí iṣu máa fà lé ni mo gé e ṣe," Àdìó ní. "Ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ló wà. Mo kàn rì í mọ́lẹ̀ ni. Òjò ló mú un hù."

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ò mọ̀ pé pẹ̀rẹ̀gún kì í kú?"

"Mo mọ̀, mà. Iṣu ni mo ń wò nígbà yẹn."

"Fà á tu."

"Iṣu á wó lulẹ̀."

"Kó wó."

Àdìó fa ọ̀kan. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó ṣì tínrín. Ó fa èkejì. Iṣu ń wó tẹ̀ lé e, Àdìó sì ń fà á lọ. Sàúdátù ń wo ojú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ kò ní yára tu ààlà tó bẹ́ẹ̀. Àbí ẹni tó mọ̀ pé òun lè padà wá gbin òmíràn ni yóò yára bẹ́ẹ̀? Kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì.

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, kẹ̀kẹ́ márúwá já Sàúdátù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìdì ọparun. Owó àpò ara rẹ̀ ló fi rà á.

"Ẹ fi èyí gbé iṣu yẹn dìde."

Nùsírátù rẹ́rìn-ín. Ó gbé àpótí wá. "Ẹ jókòó, mà. Ilẹ̀ yín ni."

Sàúdátù kò jókòó. Kó tó na ọparun kọ̀ọ̀kan sí Àdìó, ó ń fi èékánná ha ìdí rẹ̀, ó ń wò ó bóyá ó ti gbẹ dénú.